Ikú Ọjọ́ Kẹjọ ní Agboolé Adéṣọlá

Ọmọkùnrin mẹ́fà ló ti kú ní agboolé Adéṣọlá ní Òwu láàárín ọdún méjì, kò sì sí èyí tó ní orúkọ nínú wọn. Gbogbo wọn ló kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Ọmọ keje ti délẹ̀ báyìí, ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin, ó ń mu ọyàn, ó sì ń sunkún bí ọmọ tó fẹ́ gbé ayé. Bó bá di ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, Sàfúrátù agbẹ̀bí yóò gba ilé rẹ̀ lọ. Bó bá kú, wọn yóò fa Sàfúrátù lé àwọn àgbààgbà lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àjẹ́, ẹni tó bá sì mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé wọn kì í bi àjẹ́ léèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Mọ́nsúrù, àbúrò Sàfúrátù tó ń ta aṣọ ní Ṣàpọ́n, ló wá sọ èyí fún wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó jókòó lé pákó tí mo ń fá lọ́wọ́, ó ń fi etí ẹ̀wù nu ojú, ó ní kí ìyàwó mi gba ẹ̀gbọ́n òun là.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí ìyàwó mi jẹ́. Harriet ni orúkọ rẹ̀. Sàró ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí kí a tó padà sí ilẹ̀ baba wa. Èmi Herbert ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, òun ń ṣe àgbàfọ̀. Ẹni tó bá sì ń fọ aṣọ ìlú yóò mọ àṣírí ìlú. Òun ló mọ ẹni tó jí fìtílà ilé ìjọsìn wa, nípa àbàwọ́n òróró tó rí létí ẹ̀wù ọkùnrin kan tó máa ń gbàdúrà jù wá lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é sí ọ̀ràn tó bá ta kókó, èmi ò sì tíì sinmi láti ọjọ́ náà.

Oòrùn ti ń mú nígbà tí a dé Òwu. Adéṣọlá fúnra rẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin gíga kan tó ti ogun Ìjàyè dé pẹ̀lú ẹṣin méjì àti àpá ńlá lọ́rùn. Ó ní òun gbà kí Harriet wádìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé kò ní jáde mọ́ títí di ọjọ́ kẹsàn-án, nítorí òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé oògùn wọlé tàbí kó gbé ọ̀rọ̀ jáde. Harriet ní ó dára. Mo ní mo ní pákó tí mo sá sóòrùn nílé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi igi dábùú rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí ni wọ́n ti Sàfúrátù mọ́. Obìnrin kúkúrú ni, yóò tó ẹni àádọ́ta ọdún, wọ́n sì fi okùn de ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ òpó. Harriet kí i kú ìrọ́jú, ó bá a tún ìborí rẹ̀ wé, lẹ́yìn náà ló wá bi í bó ṣe gbẹ̀bí Péjú, ìyàwó kékeré ilé náà tó bí ọmọ yìí. Sàfúrátù ní òun fi abẹ gé ìwọ́ ọmọ, òun fi òwú dì í, òun wẹ ọmọ, òun gbé e fún Ìyá Ńlá tó bí Adéṣọlá, òun sì gba ilé lọ.

“Abẹ kan náà ni mo fi gé ti ọmọ mẹ́ta ní Ṣàpọ́n lóṣù tó kọjá,” ló wí. “Ẹ rán ènìyàn lọ wò wọ́n. Wọ́n ń sanra.”

Adéṣọlá tó dúró sẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Ó ní àjẹ́ kò nílò abẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé inú pàkúté la wà. Bó bá jẹ́ olè ni wọ́n pe Sàfúrátù, à bá wá ẹni tó rí i níbòmíràn lọ́jọ́ tí nǹkan sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá pè ní àjẹ́, kò sí ibi tí kò sí. Wọ́n dè é mọ́ òpó láàárín iṣu, síbẹ̀ lójú wọn, ó wà lórí ẹní ọmọ.

Adéṣọlá gbà pé ẹnìkan ló bẹ Sàfúrátù lọ́wẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ kí òun ní àrólé. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́mi, ìyálé ilé. Ọmọbìnrin méjì ni Fọlákẹ́mi ní láyé, wọ́n ti lọ sílé ọkọ, kò sì bí ọkùnrin rí. Èmi náà wò ó, mo rí bó ṣe fún ẹnu pọ̀, mo sọ fún Harriet ní kọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ó ní kí n lọ jókòó.

Ó bá Fọlákẹ́mi nídìí ọlọ níbi tó ti ń lọ ata. Obìnrin náà kò gbójú sókè. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n rán ìyá alágbàfọ̀ sí, kó tètè jíṣẹ́, nítorí òun ní ọbẹ̀ lórí iná.

“Ẹ̀yin lẹ pẹ́ jù nílé yìí lẹ́yìn Ìyá Ńlá,” ni Harriet wí. “Ohun tí ẹ bá rí ni mo fẹ́ gbọ́.”

Fọlákẹ́mi fi ọmọ ọlọ sílẹ̀. “Ọmọkùnrin mẹ́fà kú, wọ́n de ènìyàn mọ́ òpó. Ọmọbìnrin tí mo fi àgbà ara bí náà kú, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló pa á.”

“Ọmọbìnrin wo?”

“Ṣé tèmi nìkan ni? Wọ́n tó márùn-ún.”

Harriet dìde bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ ta. Ó lọ bá Adéṣọlá, ó bi í nípa àwọn ọmọbìnrin náà. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ náà dànù. Ó ní àbíkú ni àwọn yẹn, wọ́n gba orúkọ kí wọ́n tó lọ, kò sì sí ilé tí kò ní irú wọn. Àwọn ọkùnrin tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n gba orúkọ ni ọ̀ràn wà lára wọn.

Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, Harriet ń ti ẹnu ọ̀nà ìyàwó ilé kan bọ́ sí òmíràn. Kò bi wọ́n ní ẹni tí wọ́n fura sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi gbogbo wọn: ọmọ yín pé ọjọ́ mélòó kó tó kú? Àwọn kan sunkún kí wọ́n tó lè kà á. Òmíràn kà á láìronú, nítorí kò tíì dẹ́kun kíkà á láti ìgbà náà. Harriet ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mọ́kànlá, ó tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wa, ó ń sún wọn kiri, èmi sì ń wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó ń ta ayò láìní ẹnìkejì.

Ní ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, ó ní kí Adéṣọlá wá wò ó.

“Baálé,” ló wí, “ọjọ́ keje lẹ ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ ń sọ ọmọkùnrin. Ọjọ́ kẹjọ ló bọ́ sí àárín. Ikú tó bá wá lọ́jọ́ kẹjọ yóò bá ọmọbìnrin lórúkọ, yóò sì bá ọmọkùnrin láìlórúkọ. Mẹ́sàn-án nínú àwọn mọ́kànlá yìí, ọjọ́ kẹjọ gan-an ni wọ́n kú. Ọmọbìnrin méjì tó kù kú lọ́jọ́ kẹwàá. Ẹnu gbogbo wọn ló kọ́kọ́ dì tí wọn ò lè mu ọyàn mọ́, lẹ́yìn náà ni gìrì mú wọn. Ikú kan ṣoṣo ni. Orúkọ lẹ fi pín in sí méjì.”

Inú mi dùn sí i débi pé mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ àrólé kúrò, kí ló kù tí ẹnikẹ́ni fi lè bẹ agbẹ̀bí lọ́wẹ̀? Adéṣọlá fi ìka ka àwọn òkúta náà. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Ó túmọ̀ sí pé mọ́kànlá ló pa jẹ,” ló wí, “kì í ṣe mẹ́fà.”

Ó ní kí wọ́n fi okùn kan kún ti ọwọ́ Sàfúrátù. Harriet ń tẹ̀ lé e, ó ń sọ fún un pé ní Sàró, àwọn obìnrin tí wọ́n ti oko ẹrú Kúbà dé mọ àìsàn yìí dáadáa, àìsàn ọjọ́ méje ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ṣé Sàfúrátù ló fò dé Kúbà? Adéṣọlá dáhùn pé bó ṣe jìnnà tó ni òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ́ kì í wọ́n àjẹ́. Ìyàwó mi fi ọgbọ́n orí rẹ̀ kún ẹrù ẹni tó wá sọ̀ fún. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, èmi náà ò sì lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ó gbọ́ pé méjì nínú àwọn mọ́kànlá náà, agbẹ̀bí mìíràn láti Láfẹ́nwá ló gbẹ̀bí wọn. Ó tún gbọ́ pé ọmọ kan yè. Bùsírátù, ìyàwó kejì, lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Láfẹ́nwá, ìrọbí mú un níbẹ̀, ibẹ̀ ló bímọ sí, ó sì dúró níbẹ̀ títí ọmọ fi pé ogójì ọjọ́. Ọmọbìnrin náà ti ń rìn, ó ti fa okùn bàtà mi já lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹni tó gé ìwọ́ kọ́,” ni Harriet sọ fún mi. “Abẹ kọ́. Ilé yìí ni. Ohun kan wà nílé yìí tó ń bá ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́.”

Mo bi í bóyá ẹṣin ni, nítorí Fọlákẹ́mi ti sọ pé ìgbà tí àwọn ẹṣin dé ni ikú bẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀mí ẹni tí wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń jà. Harriet ní òkú ológun ì bá bá ológun jà, kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ tún ibi tí àwọn ẹṣin náà ti ń jẹun ṣe, nítorí ọwọ́ tó dilẹ̀ ń dá mi lágara, pákó ibẹ̀ sì ti jẹrà.

Ọjọ́ kẹfà ọmọ náà ni Péjú pariwo. Ọmọbìnrin náà kò tíì ju ẹni ogún ọdún lọ, àkọ́bí rẹ̀ nìyí. Ó ní ọmọ fẹ́ ọyàn, ó ń wá a kiri, ṣùgbọ́n bó bá dé ibẹ̀ ẹnu rẹ̀ kì í là tó, ó kàn ń fi èrìgì fún un pọ̀ ni. Gbogbo àwọn obìnrin ilé fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Kò sí èyí tí kò mọ ohun tó kàn nínú wọn. A gbọ́ tí Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í kírun nínú yàrá iṣu.

Harriet ní kí wọ́n kó aṣọ ọmọ fún òun, òun fẹ́ fọ̀ wọ́n. Mo rò pé ó kàn ń wá ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ni. Ó gbé agbada omi sílẹ̀, ó ń tú aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n kó tó tì wọ́n bọmi, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Nígbà tó kan ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di ìdodo ọmọ, kò tì í bọmi. Ó fi orúkọ ọmọ wa pè mí.

“Bàbá Tẹjúmádé, kí lẹ rí?”

Mo rí erùpẹ̀ dúdú tó ti gan mọ́ aṣọ. Mo rí ohun pupa wínníwínní kan láàárín rẹ̀. Mo mú un sórí ìka. Ìyàngbò ọkà bàbà ni. Irú rẹ̀ ṣì wà lára ṣòkòtò mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí láti tún ibùjẹ ẹṣin ṣe.

“Ta ló ń jẹ ọkà bàbà nílé yìí?” ló bi mí.

“Kò sẹ́nìkan. Àwọn ẹṣin nìkan ni.”

“Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà kò jẹ ọkà, kò sì rìn dé ibùjẹ ẹṣin,” ló wí. Ó ká ọ̀já náà, ó fi sí àyà, ó sì lọ sí yàrá Ìyá Ńlá.

Mo tẹ̀ lé e, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ńlá yóò ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun ló ń wẹ ọmọ tuntun nílé náà, òun ló ń pọ́n wọn, òun ló sì ń sunkún wọn jù nígbà tí wọ́n bá kú. Harriet kò bi í lọ́rọ̀ bí ọlọ́pàá. Ó kí i kú ìtọ́jú ọmọ, ó ní òun rí i pé ọwọ́ àgbà wà lára ìdodo ọmọ náà.

“Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́,” ni ìyá náà wí, inú rẹ̀ sì dùn pé ẹnìkan béèrè. Ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Nígbà tí Òwu àtijọ́ fọ́, òun jẹ́ ìyàwó tuntun. Bí wọ́n ṣe ń sá lọ, òun tẹ̀ síwájú ilé, òun bu erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà sínú àdó kékeré kan. Ọmọ tí wọ́n bá bí sínú ìran náà, ibikíbi tí wọ́n bá wà, òun a bu erùpẹ̀ náà sí ojú ibi tí wọ́n ti gé ìwọ́ rẹ̀, kó lè mọ ilé, kó má sì padà sẹ́yìn. Adéṣọlá gbà á, àwọn ọmọ Fọlákẹ́mi gbà á.

“Ṣé ó kù nínú àdó náà?” ni Harriet bi í.

“Ó tán lọ́dún tí Ìjàyè fọ́.”

“Kí lẹ wá ń lò?”

Ìyá Ńlá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní nínú oríkì ilé àwọn, ọmọ ẹlẹ́ṣin tó tẹlẹ̀ tí ilẹ̀ gbà ni wọ́n ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Òwu ti fọ́, ẹṣin kankan kò wọ agboolé àwọn mọ́. Ọdún tí erùpẹ̀ tán gan-an ni ọmọ òun fa ẹṣin méjì wọlé. Òun sunkún lọ́jọ́ náà. Òun mọ̀ pé ilé ti padà. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ pátákò ẹṣin ni òun ti ń bu ilẹ̀, òun a jọ̀ ọ́, òun a sì yá a sóòrùn kí ó má bàa tutù sí ọmọ lára.

“Ti ọmọ Péjú ńkọ́?”

“Sàfúrátù kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo ti bu tirẹ̀ sí i. Àràárọ̀ ni mo ń fi kún un.”

Harriet dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ dúró lẹ́yìn ògiri, ó fi iwájú orí tì í. Nígbà tí mo débẹ̀, ó bi mí bóyá mo rántí Bándélé, tó ń tọ́jú ẹṣin ní Sàró. Mo rántí. Ìṣó gún un lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń gbá ìgbẹ́ ẹṣin, egbò náà kò tó nǹkan kan, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹnu rẹ̀ dì, ẹ̀yìn rẹ̀ ká, ó sì kú. Harriet ló fọ aṣọ tó kú sí.

“Ohun kan náà ni,” ló wí. “Mi ò mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ ẹṣin. Mo mọ̀ pé bó bá ti ojú egbò wọlé, ẹnu ni yóò tì. Ìdodo ọmọ, egbò ni.”

Ó ní òun ti pẹ́ dé. Àwa méjèèjì fi omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú fọ ìdodo ọmọ náà títí kò fi kù ẹyọ erùpẹ̀ kan níbẹ̀, Péjú ń wò wá láìmọ ohun tí a ń ṣe. Ẹnu ọmọ kò là. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, gbogbo ara rẹ̀ a le gbandi. Mo ti ń kan pósí àwọn ọmọdé láti ogún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mi ò rí ọmọ tó ṣì wà láàyè rí tí mo sì ti mọ ìwọ̀n pósí rẹ̀.

Ibi tí a há sí nìyẹn. Ọmọ yóò kú. Bó bá kú, wọn yóò mú Sàfúrátù lọ. Harriet mọ ohun tó pa á, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Erùpẹ̀ ni wọ́n fi sí Adéṣọlá fúnra rẹ̀ ní ìdodo, ó dàgbà di jagunjagun. Kò ní jẹ́ kí obìnrin alágbàfọ̀ láti Sàró sọ fún òun pé ìyá òun ló pa ọmọ òun. Ẹnu Ìyá Ńlá nìkan ló lè tú okùn náà.

Ní ọjọ́ keje, Harriet padà lọ bá a. Ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ka ọjọ́, ó ń ka ọmọ, ó ń sọ nípa ọmọ Bùsírátù tí erùpẹ̀ náà kò kàn. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ńlá sọ̀rọ̀.

“Ìwọ ọmọ Sàró, ṣé o mọ ohun tí o ń fi sí mi lọ́wọ́?”

“Mo mọ̀, Ìyá.”

“Mọ́kànlá?”

“Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá. Obìnrin kan wà nídìí òpó.”

“Jáde nílé mi.”

Harriet jáde. Ìyá Ńlá kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, kò sì fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Adéṣọlá rò pé ìbànújẹ́ ni, ó sì tún búra pé Sàfúrátù yóò san án. Mo bi ìyàwó mi pé bí ìyá náà bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀ ńkọ́. Ó ní òun kò mọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún la ti jọ wà, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, ẹ̀rù sì bà mí ju ilẹ̀kùn tí wọ́n tì lọ.

Ọmọ náà kú ní ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ. Péjú kò pariwo. Ó kàn ń tún ọ̀já ìdodo ọmọ náà dì ni.

Adéṣọlá ti ránṣẹ́ pe àwọn àgbààgbà méjì, wọ́n sì ti wọlé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n tú Sàfúrátù kúrò lára òpó, wọ́n mú un wá sí àgbàlá pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Ó ń wo Harriet. Harriet dìde, ó sọ fún àwọn àgbà náà ohun tó rí lára ọ̀já. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá erùpẹ̀ ń jẹ ènìyàn ní Sàró. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adéṣọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó jókòó kí òun tó gbàgbé pé àlejò ni.

“Jẹ́ kí ó dúró,” ni Ìyá Ńlá wí.

Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó jáde. Ó di ògiri mú, ó rìn títí ó fi dé àárín agbo. Ó kọ́kọ́ wo ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wo àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Ọmọ Bùsírátù nìkan ni n kò fi ilẹ̀ abẹ́ ẹṣin sí ní ìdodo,” ló wí. “Òun nìkan ló wà láàyè. Mo ti kà á láti àná, mo kà á, mo tún un kà. Ibì kan náà ló ń já sí. Ẹ tú obìnrin yìí sílẹ̀. Ọwọ́ tí ẹ ń wá, òun rèé.”

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sún wọn papọ̀ bí ẹni tó ń dúró de okùn.

Mi ò mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń retí kí Adéṣọlá ṣe. Àwọn àgbààgbà náà ń wo ilẹ̀. Fọlákẹ́mi ló lọ tú okùn ọwọ́ Sàfúrátù, ó fi eyín tú èyí tó le jù. Adéṣọlá ṣe àmì pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ńlá, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mọ́nsúrù wà lóde, ó gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, wọ́n lọ láìwẹ̀yìn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ìyá Ńlá ṣì na ọwọ́. Nígbà tí kò sẹ́ni tó dè é, ó yípadà, ó wọ inú yàrá iṣu, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. A gbọ́ tó fa nǹkan wúwo kan tì í. Adéṣọlá lọ kan ilẹ̀kùn náà, ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó jáde. Bùsírátù náà bẹ̀ ẹ́, kò ṣí i. Harriet fẹ́ lọ, mo dì í lọ́wọ́ mú, nítorí kí ni yóò sọ fún un? Omijé ń bọ́ lójú ìyàwó mi. Ó ti gba ènìyàn kan là, ó sì mọ ohun tó ná an.

Péjú ló dìde. Iwájú aṣọ rẹ̀ ti tutù fún omi ọyàn tí kò sẹ́ni tó mu ún. Gbogbo wa ń wò ó bó ṣe ń lọ, mo sì rò pé èébú ló fẹ́ bú Ìyá Ńlá, ó sì tọ́ sí i. Ó fi orí ti ilẹ̀kùn.

“Ìyá,” ló wí, “ọyàn mi ti wú, ó ń ro mí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i.”

A gbọ́ tó fa nǹkan wúwo náà kúrò, ilẹ̀kùn sì ṣí.